Ilẹ̀kùn Àpótí Olóoru

"Má mí sórí rẹ̀," ni Àǹtí wí. "Tẹjú mọ́ ọn dáadáa, kí o máa wo etí rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà sé èémí, ó gbé ojú lé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lákọ̀ọ́kọ́, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ funfun lọ. Nígbà tí Àǹtí yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó wá rí ohun tó dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ sí àgbàlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara ti èkejì, tí kò sí àlàfo láàárín wọn. Àmọ́ ní àárín gbùngbùn, ojú ọ̀nà gbọọrọ kan là wọ́n sí méjì. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, inú àwo ike pẹlẹbẹ kan ni wọ́n wà. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ọ̀pá ike kékeré kan ha ojú ọ̀nà náà sáàárín wọn kí ó tó pè é wá wò ó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò yẹn máa ń pè é ní ọgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ń jẹ̀rora. Iṣẹ́ Àǹtí ni láti wádìí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe ń rìn wọ inú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìhà méjèèjì, títí wọn yóò fi pàdé ara wọn, tí ọgbẹ́ yóò sì dé.

"Wọn ò kúkú lẹ́sẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi rìn?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ akunlé lò ń bi mí ní ìyẹn? Báwo ni bàbá ẹ ṣe máa ń kun ògiri tó bá gùn?"

Èyí kò ṣòro fún un. Láti kékeré ló ti ń gbé oúnjẹ lọ bá bàbá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀pá irin bàbá náà kò pọ̀. Tí wọ́n bá gbé ògiri gígùn fún un, yóò to àwọn ọ̀pá náà jọ, yóò tẹ́ pákó lé wọn lórí láti fi ṣe pèpéle, yóò gun orí rẹ̀, yóò kun ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Lẹ́yìn náà yóò tú ọ̀pá tó wà lẹ́yìn pátápátá, yóò gbé e lọ síwájú, yóò tún un rì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tú ẹ̀yìn, tí yóò máa to iwájú, títí pèpéle kékeré yẹn yóò fi rìn dé òpin ògiri.

"Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́," ni Àǹtí wí.

Ó ṣàlàyé fún un pé inú sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe omi lásán. Egungun wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe egungun tó le gbagidi bíi tiwa. Fọ́nrán tín-ín-rín ni, áktíìnì ni wọ́n ń pè é, àwọn horo kéékèèké ló so kọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tó fi di fọ́nrán. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ rìn, yóò máa so horo mọ́ fọ́nrán níwájú. Fọ́nrán yóò gùn, yóò ti awọ sẹ́ẹ̀lì síwájú. Sẹ́ẹ̀lì yóò di ilẹ̀ mú níbẹ̀, yóò sì fa ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn horo tó bá tú lẹ́yìn ni yóò tún kó lọ so níwájú.

"Kì í wá irin tuntun lọ síta," ni Àǹtí wí. "Èyí tó ní lọ́wọ́ ló ń tú, ló ń tò. Bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ẹ, gan-an ni."

Ó gbé àwo náà sínú àpótí kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn, tí inú rẹ̀ móoru bí ara ènìyàn. Ó ní bí òtútù bá mú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, fọ́nrán inú wọn kò ní gùn mọ́, wọn yóò ká ara wọn kò, wọn yóò dúró. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ilẹ̀kùn yẹn títí di ọ̀la. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, ó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Yọjú, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Yọjú. Nígbà tó wà ní kékeré, ìrẹsì kan kò lè wà lórí iná kó má ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Tí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó ń wá, yóò ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jinná ni. Àìmọye ìrẹsì tí kò jinná dáadáa ni ìdílé náà jẹ nítorí rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ni bàbá rẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni ọ̀pá irin kan ti já lu ojúgun rẹ̀ níbi tó ti ń kun ilé ìkẹ́rùsí kan. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Dókítà ti sọ fún un pé bí etí egbò náà kò bá fi àmì hàn pé ó fẹ́ dé kí ó tó padà wá, àfi kí àwọn gé awọ lára itan rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá ti rẹ̀wẹ̀sì. Yóò jókòó sẹ́bàá fèrèsé, yóò na ẹsẹ̀ sórí àpótí, yóò máa wo ojú pópó. Tó bá rò pé kò sí ẹni tó ń wo òun, yóò tú báńdéèjì, yóò wo egbò náà, yóò tún un dì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó fẹ̀ jù lọ, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn rí, ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ Apárí lọ́rẹ. Àwọn méjèèjì ló jọ ń kunlé. Ìyá Yọjú, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, rí i nígbà tó ń fún un, ó wọ yàrá lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

Ìdí nìyẹn tí Yọjú fi sọ fún bàbá rẹ̀ nípa ọgbẹ́ inú àwo nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán nílé. Bàbá gbọ́ ọ láìyí ojú kúrò ní fèrèsé. Nígbà tó yá, ó ní, "Tí ohun tí kò lẹ́sẹ̀ bá lè rìn lọ pa ọgbẹ́ dé, a jẹ́ pé tèmi náà ṣì lè dé. Yà á wá kí n rí i." Yọjú ṣèlérí fún un pé lọ́la òun yóò mú àwòrán rẹ̀ bọ̀.

Nítorí náà, nígbà tó padà sí yàrá àyẹ̀wò, tí wọ́n sì pe Àǹtí sí ìpàdé ní òkè ilé náà, tó fi Yọjú sílẹ̀ pé kó máa fọ àwọn ìgò, ọkàn ọmọ náà kò sí lára ìgò. Ó wo àpótí olóoru náà. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré ni. Ó ṣí i, ó gbé àwo náà sábẹ́ awò, ó wò ó. Ojú ọgbẹ́ náà ṣì fẹ̀. Ó dá a padà. Kò tíì fọ ìgò mìíràn tán tí ó tún fi ṣí i, bóyá wọ́n ti rìn díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Nígbà kan ó tilẹ̀ gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ìgbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ Àǹtí lórí àtẹ̀gùn ló sáré tì í.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí wo àwo náà, ó pòṣé. Ọgbẹ́ náà kò dé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí rẹ̀ ti ká kò bí ẹni tí òtútù mú. Àwọn àwo yòókù tó jẹ́ ti iṣẹ́ Àǹtí gan-an, tí wọ́n jọ wà nínú àpótí kan náà, kò sàn jù ú lọ. Àǹtí yẹ ìgò oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì wò, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ó ti bàjẹ́. Ó dà á nù. Yọjú dúró tì í, ó ń nu ìgò kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù," ni Àǹtí wí fún un. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà mìíràn. Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kò ṣe é ṣe lónìí, a ó ha òmíràn."

Báwo ni yóò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti jókòó sẹ́bàá fèrèsé láti àárọ̀ tó ń retí rẹ̀? Àwòrán méjì wà lójú kọ̀ǹpútà. Àǹtí ti ya ọ̀kan kó tó ha ọgbẹ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ àwo ṣì kún fún sẹ́ẹ̀lì. Ó ya èkejì lẹ́yìn tó ha á. Yọjú fi fóònù ya méjèèjì. Ó wá yí wọn padà: ó fi èyí tó lọ́gbẹ́ ṣáájú, ó fi èyí tí kò lọ́gbẹ́ kẹ́yìn. Kò yọ nǹkan kan kúrò, kò fi nǹkan kan kún un. Ó kàn fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣe òpin ni.

Bàbá gba fóònù náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ọjọ́ kan péré?"

"Ọjọ́ kan, Bàbá."

Ó wo àwòrán àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó padà sí àkọ́kọ́. Ó pe ìyá Yọjú wá wò ó. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ tó máa ń ti inú ikùn wá. Ó ní ọ̀lẹ ni ojúgun òun, pé kó wá wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Yọjú gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó mú irú ẹ̀rín báyìí wá kò lè burú.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Yọjú dé láti yàrá àyẹ̀wò tó bá àga ẹ̀bá fèrèsé lófìfo. Báńdéèjì wà nílẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Kí ó tó pe ìyá rẹ̀, ó rí àwọn méjì tó ń bọ̀ lójú pópó. Apárí ló fi èjìká gbé bàbá rẹ̀ ró. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ìbọ̀sẹ̀ bàbá.

Apárí ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣe ni òun rí bàbá níbi ògiri ilé ìkẹ́rùsí, tí bàbá ń sọ pé ara òun ti yá, pé egbò tó ti pẹ́ tó báyìí ti ní láti dé nínú, báńdéèjì nìkan ló ń dá a dúró. Kí òun tó sọ pé kó má gun pèpéle, ó ti gùn ún. Nígbà tó fi ẹsẹ̀ náà ti ara rẹ̀ sókè, egbò náà ya.

Nọ́ọ̀sì kan láti òpópónà kejì wá dì í fún un. Bó ṣe ń dì í ló ń bá bàbá wí. Ó ní èyí tó ti fẹ́ dé létí ti tún ya padà. Ó bi í léèrè ẹni tó sọ fún un pé egbò rẹ̀ ti jinná.

Yọjú dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé orúkọ òun ló kàn.

"Kò sí ẹnì kan," ni bàbá dáhùn. "Ara mi ló tàn mí."

Tó bá jẹ́ pé bàbá fi ìbínú nawọ́ sí Yọjú ni, ìbá rọrùn fún un. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, tí ìyá rẹ̀ wà níta tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀, Yọjú lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá.

"Bàbá, àwòrán yẹn… èyí tó dé yẹn kọ́ ló kẹ́yìn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Wọn ò tíì ha á nígbà yẹn. Ọgbẹ́ yẹn ò dé. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn wò ó, ni òtútù fi mú wọn. Àǹtí rò pé oúnjẹ wọn ló bàjẹ́, ó dà á nù."

Bàbá yí ojú kúrò ní fèrèsé. Ó fi ọwọ́ tó kún fún àpá ọ̀dà ilé pa orí Yọjú.

"Ọgbẹ́ tó bá jinná máa ń lápá," ni ó wí. "Mo wo tìẹ títí, mi ò rí àpá. Ó kọ mí lóminú. Àmọ́ mo fẹ́ gbà á gbọ́ ni, mo bá gbà á gbọ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fẹ́ kí inú yín dùn ni."

"Mo mọ̀. Inú mi sì dùn. Wo ibi tó gbé mi dé." Ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bí o bá sọ fún mi pé kò ṣe é ṣe, inú mi ìbá bàjẹ́ di alẹ́. Ìdùnnú tó o gbé wá ló gbé mi gun pèpéle. Má fún mi ní irú rẹ̀ mọ́. Èyí tó bá jẹ́ òótọ́ ni kí o máa gbé wá, bó ti wù kó kéré."

Yọjú ń sunkún. Bàbá jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá ilé gbọ́. "Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń tú báńdéèjì yìí wò. Nọ́ọ̀sì ní afẹ́fẹ́ tútù kì í jẹ́ kí egbò jinná. O rí i pé yíyọjú tò ń yọ yẹn, o kò jí i níbì kan. Ogún ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Yọjú láàárín ẹkún.

"Àmọ́ àbúrò mi da oúnjẹ rere nù nítorí ẹ," ni bàbá wí. "Lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó lọ. Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó sọ tán, Àǹtí bọ́ ìbọ̀wọ́ ike rẹ̀, ó jókòó. Kò pariwo. Ó sọ pé ó ti wà lọ́kàn òun láti kọ̀wé sí àwọn tó ń ta oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, láti fi ẹ̀sùn kàn wọ́n lórí ohun tí wọn kò ṣe. Ó ní iṣẹ́ òun ti fà sẹ́yìn, òun yóò sì tún gbogbo àwo yẹn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró lórí pèpéle títí mo fi ka ìwé tán," ni ó wí. "Èmi náà ì bá fẹ́ gbé ìròyìn ayọ̀ lọ fún un. Àmọ́ àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí a rí la máa ń sọ. Bí a bá rí òfo, òfo la ó sọ."

Fún ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, kò jẹ́ kí Yọjú wọ yàrá àyẹ̀wò. Ìgbàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé fún un. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, ó pè é wọlé, ó ha ọgbẹ́ mìíràn sínú àwo lójú rẹ̀, ó gbé e sínú àpótí olóoru. Kò ti ilẹ̀kùn náà ní kọ́kọ́rọ́. Ó fi àwọn ìgò lé e lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí ìpàdé.

Yọjú fọ ìgò. Ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí àpótí náà, ó ń fojú inú wo àwọn horo kéékèèké tó ń tú lẹ́yìn, tó ń so níwájú, nínú òkùnkùn àti ooru, láìsí ẹni tó ń wò wọ́n. Kò ṣí i.

Ní ilé pẹ̀lú, bàbá ti bọ́ pín-ìnnì tó máa ń fi so báńdéèjì rẹ̀, ó fi fún un. Ó ní òun kò fọkàn tán ọwọ́ òun; báńdéèjì náà yóò máa wà ní síso títí nọ́ọ̀sì yóò fi wá, Yọjú ni yóò sì máa fi pín-ìnnì náà so ó tí nọ́ọ̀sì bá ti dì í tán. Ìyá rẹ̀ wò wọ́n, ó ní òun kò tíì rí i rí kí olè máa ṣọ́ olè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà òjò.

Nígbà tí Àǹtí ṣí àpótí náà lọ́jọ́ kejì, ó pe Yọjú kó wá wò ó kí òun fúnra òun tó wò ó. Ojú ọ̀nà gbọọrọ yẹn ti lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ti na iwájú wọn jáde fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n ti rìn láti ìhà méjèèjì, wọ́n sì ti ń fọwọ́ kan ara wọn. Àmọ́ ní àárín, ihò kékeré kan ṣì ṣẹ́kù, bí ojú abẹ́rẹ́. Yọjú wò ó títí.

"Ṣé kí n dúró kó dé tán kí n tó yà á?" ni ó béèrè.

"Kí lo rí?"

"Kò tíì dé tán."

"Yà á bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó délé, bàbá gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú bíi ti ìgbà yẹn. Bàbá fi ìka rẹ̀ kan ihò kékeré náà.

"Ó ku ibí yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ku ibẹ̀."

Bàbá mi orí. Kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ rọ̀. "Èyí ni mo gbà gbọ́," ni ó wí.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni egbò bàbá fi dé, kì í sì í ṣe oṣù kan. Nítorí èyí tó ya, dókítà sún ìpinnu rẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n padà lọ, dókítà gbé iná sún mọ́ ojúgun bàbá, ó pe Yọjú kó wá wò ó. Yí etí egbò náà ká, awọ tuntun kan tín-ín-rín ti yọ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán. Dókítà ní àwọn kò ní gé awọ itan mọ́, kí wọ́n lọ ní sùúrù. Bàbá rọra rìn jáde síta. Ibẹ̀ ló ti rán Yọjú sí Apárí, pé kó lọ gba búrọ́ọ̀ṣì òun bọ̀, pé òun kò rántí pé òun fi ta á lọ́rẹ, òun yá a ni.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Yọjú ti gbọ́ ọ rí, àmọ́ àpótí olóoru àti ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló yé e sí. Púpọ̀ nínú ohun rere ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú wa kò tó, tí a bá sì ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà gbogbo pé kó fi ara hàn wá, àwa gan-an ni a ó dá a dúró. Bí ó bá sì pẹ́ kó tó dé, ẹ má fi irọ́ di àlàfo tó kù fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Àlàfo tó jẹ́ òótọ́ ṣeé dúró dè. Èyí tí a fi irọ́ dí ni ènìyàn máa ń gbẹ́kẹ̀ lé, tí yóò sì já a sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ gbé ìrẹsì kaná, ó ní kí Yọjú máa ṣọ́ ọ. Ó jókòó tì í. Ooru ń ti abẹ́ ìdérí jáde. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó sì dúró.

"Yọjú?" ni bàbá pè láti inú yàrá.

"Mi ò ṣí i, Bàbá."